Wáyà Tí Bàbá Sìdí Yàn fún Wa

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé pẹ̀lú mi nílé wa ní Ìrẹmọ ra sípíkà ńlá méjì, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ láti so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ orin rẹ̀. Ẹni tó ta wáyà fún un ti sọ pé àfi èyí tí ẹnu rẹ̀ ń dán bíi wúrà ló lè gbé ohùn gidi jáde. Mo ní kó dá a padà. Mo ní kó lọ bá àwọn tó ń ta wáyà iná ilé, kó ra èyí tó jẹ́ bàbà, tó nípọn díẹ̀, kó gé méjèèjì dọ́gba, kó má sì jẹ́ kó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wò mí bí ẹni rí ewúrẹ́ tó ń kàwé, ṣùgbọ́n ó lọ. Nígbà tó dé, tó ń fi eyín bó ara wáyà náà, òórùn rọ́bà tuntun gba inú pálọ̀, mo sì dìde, mo lọ dúró ní ẹ̀yìnkùlé. Ó tẹ̀ lé mi. "Màámi, ta ló tiẹ̀ kọ́ yín ní gbogbo èyí?" Ìdáhùn ìbéèrè náà ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí, fún òun àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, yàrá iwájú ilé wa, èyí tó kọjú sí títì, ni ayálégbé kan tó ń tún rédíò ṣe ń gbé. Bàbá Sìdí là ń pè é. Ojú rẹ̀ ti ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tó sì yá, kò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ. Sìdí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ ti kú, ló wá di ojú fún un. Ó fi ọdún kan jù mí lọ, ilé ìwé kan náà là ń lọ, abọ́ kan náà la sì fi ń jẹun lọ́pọ̀ ìgbà. Tí a bá ti ilé ìwé dé, á jókòó ti bàbá rẹ̀ lórí àpótí, á máa ka àwọ̀ wáyà fún un. "Pupa ló wà lọ́tùn-ún, Bàbá. Dúdú ti já." Èmi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n óò máa ṣe bí ẹni tó mọ nǹkan kan.

Bàbá Sìdí máa ń fi àtàǹpàkò wá ìnípọn wáyà, á tẹ̀ ẹ́ wò, á sì fi ahọ́n tọ́ ẹnu rẹ̀ wò bí ìyàwó ilé ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó ní bàbà tó mọ́ máa ń rọ̀ lọ́wọ́, tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ló máa ń dúró. "Ẹ má wo dídán rẹ̀," ló máa ń wí fún wa. "Orin ni kẹ́ ẹ gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ bí akọrin ṣe ń mí, wáyà yẹn ti tó."

Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba, fẹ́ràn orin àpàlà ju oúnjẹ lọ. Ó ra gíráàmù onísípíkà méjì, ẹ̀rọ tó ń lo àwo orin, ó sì máa ń nu eruku ara rẹ̀ láràárọ̀. Àwa ọmọ kì í rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń jáde bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Bàbá Sìdí sọ fún un pé wáyà tó bá a wá tín-ín-rín jù. Ó mú èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn tó so iná sí ilé kan ládùúgbò, èmi àti Sìdí bó o, a lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ so ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, màmá mi jáde láti ilé ìdáná tòun ti orógùn lọ́wọ́. "Ṣé inú ilé wa níbí ni wọ́n ti ń kọrin ni?" Bàbá mi di ọwọ́ afọ́jú náà mú, kò tètè fi sílẹ̀.

Lásìkò Àjíǹde ni Bọ̀ọ̀dá Lékè, àbúrò bàbá mi, dé láti Èkó pẹ̀lú bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń di ògiri mú kó tó lè sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn gíráàmù. "Ẹ̀gbọ́n mi, wáyà iná lẹ so mọ́ irú ẹ̀rọ yìí?" Ojú ti bàbá mi lójú àwọn àlejò. Wọ́n tú wáyà Bàbá Sìdí, wọ́n so èyí tó ń kọ mànà tí bọ̀ọ̀dá mú wá. Ọ̀fìnkìn padà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Sìdí ló wá dá abọ́ padà, ó gbọ́ ohùn náà, ó sì yọ mágínẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ jáde lápò. Pàó, ó lẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà náà. "Irin ni," ló wí, kò sì ní ibi kankan lọ́kàn. "Wọ́n kàn fi bàbà kùn ún ni." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Lékè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà lọ kí ẹbí ní Ẹnuwá. Èmi nìkan wà ní pálọ̀. Mo fẹ́ fi àwo orin sí i bí bàbá mi ṣe ń ṣe, ọwọ́ mi yọ̀, apá gíráàmù já lulẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì kán. Mo dé e padà, mo lọ jókòó síta.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ṣí gíráàmù, Bọ̀ọ̀dá Lékè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ta ló ń fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan nílé yìí bí kì í ṣe ọmọ afọ́jú yẹn?" Bàbá mi pe èmi àti Sìdí. Ó bi mí bóyá èmi ni. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá Sìdí ni. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo wolẹ̀. Bàbá mi fi ìwolẹ̀ mi ṣe ìdáhùn. Sìdí wò mí, kò gbójú kúrò lára mi, kò sì sunkún nígbà tí pàṣán ń bà á.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ní kí Bàbá Sìdí àti Sìdí kó jáde. Ẹdúnàbọ̀n, ìlú ìyá Bàbá Sìdí, ni wọ́n ń lọ. Kí bàbá náà tó wọ mọ́tò, ó ta ọwọ́ wá orí mi títí ó fi kàn án, ó sì ṣàdúrà fún mi pé ẹ̀mí mi yóò gùn. Àdúrà náà gbà. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tó wà nígbà tó kú lọ.

Àádọ́ta ọdún ó lé ni mi ò fi dé Ẹdúnàbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà Ìbàdàn tí mo ń gbà kọjá nígbà gbogbo ló wà. Lẹ́yìn ọjọ́ tí ọmọ mi bó wáyà, mo wọ táksì, mo lọ. Mi ò tíì béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí wọ́n fi júwe ibi tí Sìdí wà fún mi. Ó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì, lábẹ́ agbòòrùn.

"Ẹ káàsán, mà. Èwo lẹ fẹ́ nínú rẹ̀?"

"Sìdí, èmi ni."

"Mo mọ̀ yín. Látìgbà tẹ́ ẹ ti ń sọ̀ nínú mọ́tò ni mo ti mọ̀ yín."

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mo kán abẹ́rẹ́ náà.

"Ẹ dìde, aṣọ yín á dọ̀tí. Mo mọ̀. Mo wà lẹ́nu fèrèsé lọ́jọ́ náà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mò ń retí kí ẹ fúnra yín sọ ọ́ ni."

Ó sọ ìyókù láìgbé ohùn sókè. Iná ò tíì dé Ẹdúnàbọ̀n nígbà náà, àwọn tó ní rédíò tí bàbá rẹ̀ lè tún ṣe ò pọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kejì ni bàbá náà kú. Ibẹ̀ ni ilé ìwé òun náà parí sí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi "ẹ" pè mí mọ́, pé ọ̀rẹ́ ni wá. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì yíjú sí ẹni tó ń ná ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Púpọ̀ ló ti yí padà. Bàbá mi ti kú láìmọ òtítọ́, yàrá iwájú ti di ṣọ́ọ̀bù akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń tẹ̀wé, iná sì ti dé Ẹdúnàbọ̀n, bó tilẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn èèyàn á máa sọ fún yín pé ọmọdé ò mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, mo sì mọ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí n sọ, mo sì mọ ìgbà tó yẹ kí n sọ ọ́.

Mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń kí mi dáadáa, ó ń ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dára fún mi, ó ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Ó sì ń fi "ẹ" pè mí.