Kọ́kọ́rọ́ Tí A Lọ Gbà Lójú Ọ̀run

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, níbi pẹrẹsẹ tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ la fẹ́ gbà láti ojú ọ̀run, mà."

Irọ́ kọ́. Iṣẹ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe nínú yàrá méjì tí a háyà ní Lásùnwọ̀n, n'Íkòròdú, nìyẹn. Sátẹ́láìtì kan ń kọjá lórí wa, ó ń rọ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí. Nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni ẹni tó wà ní Ẹ̀pẹ́ àti ẹni tó wà n'Íkòròdú yóò ti rí nọ́ńbà kan náà, tí wọn yóò máa fi ti ọ̀rọ̀ àṣírí wọn pa. Bí ẹlòmíràn bá yọjú wò ó lójú ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ náà á yí padà, àṣìṣe á wọ inú nọ́ńbà, a ó sì mọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣàlàyé. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni Ìyá àgbà gbọ́, òun náà ló sì ròyìn fún àdúgbò.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ dán an wò, mo gun òkè kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Èrò ni mo bá níbẹ̀. Àwọn kan mú àgádágodo wá. Obìnrin kan gbé àpótí ẹrù ìyàwó rẹ̀ rù, ó ní láti ìgbà tí òun ti bí àkọ́bí lòun kò ti rí i ṣí. Bàbá apẹja kan sì ti ta àwọ̀n bo awò ńlá tí mo ti gbé kalẹ̀ níbẹ̀ láti fi wo ojú ọ̀run.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká àwọ̀n yìí."

"Kí kọ́kọ́rọ́ wá já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì kó kán? Ṣé ẹ ní òmíràn ni?"

Sátẹ́láìtì kì í dúró de ènìyàn. Bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ló yọ, gbogbo wọn sì tan tọ́ọ̀ṣì sókè kí kọ́kọ́rọ́ lè rí ọ̀nà. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti lọ. Ọ̀gá wa pè láti Lásùnwọ̀n.

"Àṣìṣe inú nọ́ńbà yẹn ti pọ̀ jù! Wọ́n ń yọjú wò wá!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n tó ogójì."

"Orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n ti wá?"

"Ẹ̀pẹ́ níbí náà ni, sà."

Mo fẹ́ palẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà kọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ láti ilé dé ilé pé kí wọ́n pa iná, ó sì ní kí bàbá apẹja ká àwọ̀n rẹ̀. Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ kejì, ládàánì pàápàá pa gílóòbù ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Gbogbo wọn jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, ẹnìkan kò wúkọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ìmọ́lẹ̀ náà wọlé.

Mo fi ojú kọ̀ǹpútà han Ìyá àgbà: òdo, oókan, oókan, òdo, títí lọ.

"Èyí ni kọ́kọ́rọ́?"

"Òun ni, mà."

Ó wò ó títí. Ó wá kọjú sí àwọn èrò. "Nọ́ńbà ni wọ́n rọ̀ sílẹ̀ o, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kẹ́dùn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á ṣe é lẹ́ẹ̀kejì."

Ìgbà náà ni ọ̀gá mi fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó lè jí i kà láyé. Mo fi kọ́kọ́rọ́ wa ṣí i. Ìyá àgbà fi awò ìkàwé rẹ̀ sójú, ó kà á sókè ketekete: "'Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi ra ẹja bọ̀.'"

"Irú ẹja wo?" Bàbá apẹja ló béèrè.

Nọ́ńbà tí a bá ti lò, a kì í tún un lò mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo èyí tí a gbà lọ́run ti tán lórí ọ̀rọ̀ tí èmi àti ọ̀gá ń fi ránṣẹ́ síra wa, bóyá ẹja tútù ló fẹ́ ni tàbí yíyan. Inú mi sì dùn dé ibi tí mo fi gbàgbé láti ra ẹja.