Wúùlù Tí Mo Rà Lábẹ́ Tapólì Pupa

Mo rántí ìgbà tí erùpẹ̀ pupa pọ̀ ju ilé lọ ní Àbújá, tí a ń gbé ní Kuje, tí ọkọ mi ń bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ìlú tuntun náà ṣiṣẹ́. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, eyín rẹ̀ nìkan ló máa ń funfun. Èmi ò tíì rí iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ń wá, wúùlù ni mo sì fi ń pa ìrònú rẹ́. Mo ń hun fìlà ọmọ, mo ń hun ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, débi pé aboyún kan kì í bímọ ládùúgbò wa kó má kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi. Mo gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí ẹni tó mọ àwọ̀ wúùlù tó mi ní gbogbo Kuje. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, nítorí mi ò mọ ẹlòmíràn tó ń hun nǹkan níbẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ ku díẹ̀ kó dé, ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wò wá. Ẹ̀rù bà mí, ó sì nídìí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, etí ara mi ni mo fi gbọ́ tí àwọn ìyàwó ilé ń sọ pé ìwé nìkan ni ìyàwó tuntun yìí mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ kankan. Màmá, ìyá ọkọ mi, wà níbẹ̀, wọn ò sì fèsì. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà pẹ̀lú wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí Màmá wá gbọ́ pé mo ń hunṣọ, wọ́n sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìyàwó àwọn ń bọ̀ wá fi aṣọ òtútù dá àwọn lọ́lá. Wọ́n ti fi mí yangàn. Bí mo bá kùnà, ẹnu àwọn ìyàwó ilé yóò gba ọ̀rọ̀ sí i.

Wúùlù aláwọ̀ obì ni mo mú, pupa tó jinlẹ̀, tó yẹ àgbà. Ẹ̀yìn parí, iwájú parí, apá ọ̀tún parí. Wúùlù náà sì parí. Mo wá a títí ní ọjà Kuje, kò sí. Ìyá Ìbejì ló gbà mí, ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń gbé ilé kan náà. Ọmọ Kàbà ni, kíjìpá ni ìyá rẹ̀ sì hun títí tó fi tọ́ ọ dàgbà. Ó ní òun gbọ́ pé ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ń bọ̀ ní Garki lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kan péré. Ọjọ́ Ajé ni Màmá ń bọ̀.

A jí, a wọ bọ́ọ̀sì, a wọ aṣọ tó dáa, erùpẹ̀ sì bá wa wọ̀ ọ́. Pápá kan ni wọ́n ti ń ná ìpàtẹ náà, ó sì kún. Àwọn obìnrin Gwárì gbé ìkòkò wọn wá léjìká, bí wọ́n ṣe máa ń ru ẹrù, èmi tí mo mọ ẹrù orí nìkan dúró ń wò wọ́n títí Ìyá Ìbejì fi fà mí láṣọ. Ẹní wà níbẹ̀, apẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, bàtà aláwọ wà níbẹ̀. Inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n mú lọ sílé ọdún, mo tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé ohun tó gbé mi wá.

Ọkùnrin ará Ìlọrin kan la bá tó pàtẹ wúùlù. Ó ta tapólì pupa bo orí ọjà rẹ̀ nítorí oòrùn. Ó ń kí àwọn kan ní sànnu lédè Haúsá, ó ń kí àwa ní ẹ kú ìrìn. Mo yọ fọ́nrán wúùlù obì tí mo mú dání látilé, mo fi wé èyí tó wà nílẹ̀, mo sì rí i pé ìdì kan péré ló bá a mu rẹ́gí. Bí mo ṣe gbé e ni ìyá kan tó wọ gíláàsì na ọwọ́ sí i láti òdìkejì.

Ìyá Ìbejì rọra sọ fún mi pé, "Ọ̀rẹ́ mi, gbé e bọ́ sí oòrùn kí o tó sanwó. Aṣọ tí a ò bá tíì wò lóòrùn, a ò tíì rí i."

Àwọn àgbà ní bí ojú bá farabalẹ̀, yóò rí imú. Ojú tèmi kò ráyè, ọwọ́ ìyá onígíláàsì ló ń wò. Mo sọ fún Ìyá Ìbejì pé kíjìpá ló mọ̀, èmi ni mo mọ wúùlù. Mo sanwó, mo ní kí wọ́n wé e sínú bébà, mo sì rìn jáde bí ẹni tó gba ipò kìíní. A ra ẹ̀pà, a jẹ ẹ́, a yí pápá náà ká títí ọjà fi fẹ́ tú.

Bọ́ọ̀sì wa ti kọjá Lugbe kí n tó rántí pé ó yẹ kí n tún ẹwà ọjà mi wò. Mo tú bébà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó bọ́ sórí wúùlù náà. Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n kẹ́kẹ́ ni mo rà, tapólì pupa ló sọ ọ́ di obì lójú mi. Mo fi fọ́nrán obì sí i lára, mo yọ ọ́, mo tún fi sí i, kò yí padà. Ìyá Ìbejì kọjú síta, ẹ̀rín sì ń mi èjìká rẹ̀.

Kí ni mo lè ṣe? Aṣọ tó ní apá méjì sàn ju èyí tó ní ẹyọ kan lọ. Mo fi àwọ̀ ọsàn hun apá òsì, omi sì ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń hun ún.

Màmá dé lọ́jọ́ Ajé. Mo kúnlẹ̀, mo gbé aṣọ náà fún wọn, mi ò lè gbójú sókè. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n wo apá ọ̀tún, wọ́n wo apá òsì. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín.

Màmá bá yíjú sí i. "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ìwọ tó ń gbé Àbújá, o ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nísinsìnyí nìyí?"

Wọ́n wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nínú ooru ọ̀sán. Ọkàn mi balẹ̀, mo sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ará oko tilẹ̀ dùn, ohun tí a bá ti pè ní ti Àbújá, wọn á gbà á. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọ̀ ọ́ jókòó láàárín àwọn ìyàwó ilé yẹn gan-an. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́: aṣọ òtútù, apá kan obì, apá kan ọsàn, bíi ti Àbújá. Ibẹ̀ ni wúùlù mi ti di òwò, mo sì ń kiri Garki wá àwọ̀ tí mo ti bú jù láyé.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi ṣe kéèkì fún ọjọ́ ìbí mi. Ó gbé e wá, àárín rẹ̀ ti rì wọlé. Ọmọ mi la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Kí lò ń rín sí? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyẹn, kí àárín rẹ̀ lè rọ̀." Mo rí bí ara ọmọbìnrin náà ṣe balẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Màmá rí i pé apá aṣọ náà kò bára mu. Ojú kan ni wọ́n wò ó tí wọ́n ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì gbé e wọ̀ káàkiri ìlú kí ẹnikẹ́ni má bàa fi mí ṣẹ̀sín.

Ó ti pẹ́ tí Màmá ti papò dà. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí, nítorí mo rò pé èmi ni mo gbọ́n. Omi lé ròrò sójú mi, mo na àwo mi síwájú, mo ní kí ìyàwó ọmọ mi tún gé sí i fún mi.