Bàbá Moyọ̀ àti Ọkọ̀ Ẹlẹ́ni Méjì

Ní Ṣakí, wọn ò tíì gbàgbé ọjọ́ tí Bàbá Moyọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun aláásárì.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ti apẹja. Káyáàkì ni wọ́n ń pè é, ike láti orí dé ìdí, ìjókòó méjì, àjẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń tù ú. Yẹ̀kínì tó ń ta ọjà tòkunbọ̀ ló kó méjì irú rẹ̀ bọ̀ láti Kùtọnú mọ́ fìríìjì àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ ẹni tí yóò rà á. Àfi bí Bàbá Moyọ̀, ògbólógbòó ahunṣọ láti Ìsẹ́yìn, ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì, Treasure ọmọ ọdún méje àti Tìmílẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ní òun fẹ́ ọkọ̀ tí òun yóò máa fi gbé wọn ṣeré lórí omi dáàmù bí wọ́n bá ti gba ọlidé.

"Bàbá, ẹ wò ó dáadáa," ni Yẹ̀kínì wí.

"Wò ó kẹ̀? Ṣé ojú ni mo fẹ́ fi jókòó ni?"

Ó gbé Treasure síwájú, ó fi Tìmílẹ́yìn sáàárín, òun náà bọ́ sẹ́yìn níbi tí yóò ti máa rí àwọn méjèèjì, ó na ẹsẹ̀, ó sì jókòó. Aago mẹ́sàn-án lù. Aago mẹ́wàá lù. Àwọn oníbàárà tó wá ra fìríìjì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, wọ́n ń kí wọn kú ìrìn-àjò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa rà á àbí ẹ ò rà á?"

"Ogójì ọdún ni mo fi jókòó nídìí òfì, ìwọ ọmọ yìí. Kò sí ìjókòó tí kì í dùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Wákàtí kẹta ni ìdí tó ń sọ òótọ́."

"Àwọn èèyàn ń wò wá o!"

"Kí wọ́n máa wò. Ṣé wọn ò rí bàbá àtọmọ rí ni?"

Nígbà tó yá, oorun gbé Tìmílẹ́yìn lọ, ó gbórí lé etí ọkọ̀, etí ọkọ̀ sì le bí òkúta. Bàbá Moyọ̀ rí i, inú bí i, ó fò dìde. "Ẹ wo nǹkan! Ẹni tó ṣe ọkọ̀ yìí ò bímọ! Kò bímọ láéláé!" Yẹ̀kínì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kejì wà níbẹ̀, ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, Bàbá Moyọ̀ sì ti ń kó àwọn ọmọ wọ inú rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ wákàtí mìíràn. Ìyẹn ló rà nígbẹ̀yìn, Yẹ̀kínì ò sì jiyàn kankan lórí iye tó dá lé e.

Bó ṣe rí nìyẹn. Fàsásì lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìbínú ló fi jẹ ayé. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́kadà kan láti Ìgbòho fẹ́ gbé e pẹ̀lú ọmọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Moyọ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà, ó fi sápò, ó sì wàásù fún un lẹ́bàá títì títí tí ọkùnrin náà fi ń bẹ̀bẹ̀ pé òun náà ní ọmọ nílé. Ẹnu tó mú bí abẹ yìí, ẹnì kan ò gbọ́ kó sọ rí pé, "Èmi ni mo jẹ̀bi." Ìyàwó rẹ̀ kú láìgbọ́ ọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì jẹ́ ìyá àwọn ọmọ náà, ò fẹ́ kí ọmọ òun dé ojú omi.

"Bàbá, mo ti gba ọmọ tó mu omi yó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ rí. Ó ti kú kí wọ́n tó gbé e dé. Mi ò fẹ́ kó kan tèmi."

"Ṣé èmi ni yóò pa wọ́n ni? Ta ló tọ́ ìwọ gan-an dàgbà?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá fi hàn mí pé kò ní séwu fún wọn, ẹ ò ní gbé wọn lọ."

Bàbá Moyọ̀ fìbínú dé ìdí òfì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi hun ọ̀já méjì, ó ki, ó yi, irú èyí tí màlúù ò lè fà já. Ó ní bí ìyá ṣe ń fi ọ̀já gbọ́mọ pọ̀n tí ọmọ kì í já bọ́, bẹ́ẹ̀ lòun yóò fi so àwọn ọmọ mọ́ ìjókòó wọn. Kó lè dá a lójú, ó so ọ̀kan mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, ó so ara rẹ̀ mọ́ ọn ní ìbàdí, ó sì ń mì dirodiro. Waheedat, aládùúgbò rẹ̀, yọjú, ó figbe ta pé Bàbá Moyọ̀ ti pokùn so. Gbogbo àdúgbò sáré dé.

"Ẹ padà sílé yín!" ni bàbá ń pariwo láti òkè. "Ọ̀já ni mò ń dán wò! Ṣé bí ẹni tó kú ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí?"

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọkọ̀ lọ sí etí dáàmù lóun nìkan. Ayọ̀dèjì, ọmọkùnrin apẹja tó ń gbé ibẹ̀, rí ọ̀já lára ìjókòó.

"Bàbá Moyọ̀, kí lèyí wà fún?"

"Kí ọmọ má baà bọ́ sómi."

"Bí ọkọ̀ bá wá dojú dé ńkọ́?"

"Ọ̀já mi ò lè já láéláé."

"Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn, bàbá."

Bàbá Moyọ̀ bú u, ó bú àwọ̀n rẹ̀, ó bú ẹja inú rẹ̀. Nígbà tí èébú tán, bàbá fa ọkọ̀ dé ibi tí omi mu ni dé ìbàdí, ó wọlé, ó so ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó.

"Dà á dé."

"Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo ní kí o dà á dé!"

Ayọ̀dèjì dà á dé. Omi ti rin ọ̀já, kókó rẹ̀ sì le koko. Ọwọ́ bàbá ń wá a lábẹ́ omi, kò rí i tú. Kí Ayọ̀dèjì tó rọ́nà yí ọkọ̀ padà, àgbàlagbà ti mu omi.

"Kí ló dé tí o pẹ́ bẹ́ẹ̀?" lọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ayọ̀dèjì sọ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ba òun lẹ́rù jù. Bàbá tọrọ ọ̀bẹ, ó sì gé ọ̀já méjèèjì sí wẹ́wẹ́, iṣẹ́ tó dára jù tó hun láyé rẹ̀.

Pẹ̀lú aṣọ tútù náà ló wọ ọsibítù lọ bá ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn aláìsàn.

"Moyọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ọmọ rẹ. Èmi ni mo jẹ̀bi. Bí ọkọ̀ bá dà dé, ọ̀já tí mo hun ni ì bá dì wọ́n mọ́ abẹ́ omi. Mo ti gé e." Ó yíjú sáwọn aláìsàn. "Kí lẹ̀ ń wò? Ṣé ẹ ò rí ẹni tó ṣàṣìṣe rí ni?"

Moyọ̀sọ́rẹ jókòó.

"Bàbá, ẹ wá mú wọn lọ́jọ́ Sátidé."

"Lẹ́yìn ohun tí mo sọ yìí?"

"Nítorí ohun tí ẹ sọ yìí ni."

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn, tọmọdé tàgbà wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, wọn ò sì jìnnà sí etí omi. Láti Sátidé yẹn ni wọ́n ti ń lọ, ọlidé lẹ́yìn ọlidé. Bàbá Moyọ̀ ń bú afẹ́fẹ́, ó ń bú oòrùn, ó ń bú lékèélékèé tó fò sún mọ́ wọn jù. Àwọn ọmọ náà a máa rẹ́rìn-ín títí omijé yóò fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó sùn, kò jí. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, inú ń bí mi sí i. Èèyàn tí kì í kúrò níbì kan láìjà, báwo ni yóò ṣe rọra lọ bẹ́ẹ̀?

Níbi ìsìnkú, Àáfà ní kí ẹni tí bàbá bá ti fìbínú ṣẹ̀ nawọ́, kó sì dárí jì í. Gbogbo àgbàlá nawọ́. Àáfà wo ọwọ́ tirẹ̀ náà tó ti gòkè, ẹ̀rín sì bú gbàù.

Moyọ̀sọ́rẹ nìkan ni ò nawọ́.

"Ẹ̀yin ẹ dárí jì í," ló wí. "Èmi ò lè dárí jì í pé ó lọ. Ta ni yóò tún máa bínú báyẹn nítorí àwọn ọmọ mi?"