Kóbáltì Tó Kọ̀ Tí Kò Gbiná

Mi ò fẹ́ràn ọ̀gá mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Alàgbà ni nínú ìjọ, ó mọ ènìyàn í kí, ṣùgbọ́n tó bá ti wọ yàrá iṣẹ́ wa ní Ọ̀wọ̀ báyìí, ẹnu rẹ̀ á di ata. Láti ìgbà tí mo ti wà lábẹ́ rẹ̀, "ìwọ ọmọbìnrin yìí" lorúkọ mi.

Iṣẹ́ wa kò ṣòroó ṣàlàyé. Àwọn àgbẹ̀ Ijagba àti Imeri máa ń kó èèpo ẹkùrọ́ wá fún wa nínú àpò, a ó sì yan án nínú iná títí yóò fi tú gáàsì sílẹ̀. Gáàsì náà á gba inú páìpù kọjá lórí irin kan tí wọ́n ń pè ní kóbáltì, ibẹ̀ ni yóò ti di epo tí ẹ́ńjìnnì ìlọta lè mu. Kóbáltì náà kì í di epo, iṣẹ́ ló ń mú yá. Lẹ́búlẹ́bú ni, ara ẹfun la máa ń fi í sí kó lè tàn káàkiri. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ooru bá ti pọ̀ jù, àwọn hóró rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ bá ara wọn, wọ́n á sì dì bí ẹ̀bà tí ọ̀lẹ tẹ̀. Ẹ la kókó inú irú ẹ̀bà bẹ́ẹ̀ wò, gàrí ló wà nínú rẹ̀, omi ò débẹ̀. Bákan náà ni gáàsì kì í dé inú kóbáltì tó bá ti dì, epo ò sì ní kán mọ́.

Gbogbo èyí tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ ló dì. Ọ̀gá wá dúró lójú gbogbo ènìyàn, ó ní bí èyí tó wà lọ́wọ́ mi bá tún dì, kí n kó ẹrù mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni yóò jókòó sórí àga mi. Ó dùn mí wọ egungun. Mo wá po irin mìíràn díẹ̀ mọ́ ẹfun kí n tó fi kóbáltì sí i, kí hóró kọ̀ọ̀kan lè ní èèkàn tirẹ̀, bí ìyá mi ṣe ń so ewúrẹ́ rẹ̀ ní Upenmen kí wọ́n má baà rọ́ lọ síbì kan. Ọ̀gá ní eré ọmọdé ni mò ń ṣe.

Lọ́jọ́ tí mo ṣe é tán, ó ṣì gbóná nínú páìpù. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kóbáltì ò gbọdọ̀ rí afẹ́fẹ́ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń fún un, bí ẹni ń fún aláwẹ̀ lóúnjẹ. Àfi bí ọ̀gá ṣe kó àwọn àgbẹ̀ wọlé, tó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ òun hàn wọ́n.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má ṣí i."

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Ó ṣí i, ó sì dà á sínú àwo. Kíá ni lẹ́búlẹ́bú dúdú náà pọ́n wẹ̀ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ fò sẹ́yìn. Mo rò pé ojú á tì í ni, àṣé mo kàn ń tan ara mi jẹ.

"Ẹ ò rí i bí?" ló wí. "Epo yín ló ń jó yẹn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Irọ́ gbuu! Epo kankan ò sí níbẹ̀, kóbáltì ló ń jó ara rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n fọ́ ọ létí, mo sọ ọ́ bó ṣe wà. Nígbà tí mo pe ìyá mi lórí fóònù, ó gbọ́ ohùn mi, gbólóhùn kan ló sọ: "Ọma mi, ghá ulé." Mo ní mi ò wá sílé. Ilé ni ọ̀gá ń fẹ́ kí n lọ.

Mo gbá lẹ́búlẹ́bú náà jọ, mo fi gáàsì háídírójìn sè é padà sí bó ṣe wà, mo sì tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbà pé ó ti dì. Kò dì. Epo ń kán bó ṣe yẹ kó kán. Pẹ̀lú gbogbo iná tí ọ̀gá fi jó o, kò sí ewúrẹ́ tó já nínú wọn. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ìbínú mi ò rọ̀, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rọ epo náà sínú ìgò kékeré, mo fún kóbáltì ní afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yó.

Kò pẹ́ táwọn àgbẹ̀ náà fi padà dé, wọ́n sì kó èrò lẹ́yìn wá wo iná. Ọ̀gá ní kí n gbé páìpù wá. Afẹ́fẹ́ ti yó o, mo mọ̀ pé kò ní gbiná mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti bi mí pé ta ló bá mi sọ̀rọ̀, kí ni mo tún fẹ́ sọ fún un? Mo gbé e fún un.

Ó dà á sínú àwo. Kò pọ́n. Ó mì í. Ó fi ẹnu fẹ́ ẹ. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Ó ti kú," ló wí. "Ọmọbìnrin yìí ti bà á jẹ́. Lónìí gan-an ni yóò kó ẹrù rẹ̀."

Bàbá kan láti Ijagba, tí àpò èèpo ẹkùrọ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi ti iná sílẹ̀. Epo dà?"

Ọ̀gá tún mi àwo náà. Mo yọ ìgò náà nínú àpò aṣọ mi, mo na ọwọ́ mi kọjá níwájú rẹ̀, mo sì gbé e fún bàbá náà. Bàbá gbóòórùn rẹ̀, ó kán an sí ìka, ó fi ìka méjì ra á.

"Epo ni lóòótọ́. Ta ló ṣe é?"

"Àwa..." Ọ̀gá ti la ẹnu.

"Èmi ni, bàbá."

Láti ọjọ́ náà, báwọn àgbẹ̀ bá ti sọ àpò wọn kalẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń béèrè. Ọ̀gá kì í kí mi, èmi náà ò sì kí i ju bó ṣe yẹ lọ. Àga mi ṣì wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ni mo sì jókòó sí.