Orúnkún Mi àti Ọkọ̀ Tí Kì Í Kúrò Lójú Kan

Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ tí mo pa ajá òyìnbó mẹ́ta, tí mo wó ògiri ilé ìtajà kan, tí mo sì já bọ́ sínú odò, kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ̀jẹ̀ ò kán sílẹ̀, aṣọ mi ò sì tutù. Ẹ̀rín ni mo ń rín títí omi fi ń bọ́ lójú mi, nítorí orí àga kan ṣoṣo ni mo jókòó sí láti àárọ̀, nínú yàrá kan nílé ẹ̀kọ́ awakọ̀ tó wà ládùúgbò Mayfair nílùú wa. Símúlétọ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà: àga ọkọ̀, sítíárì, jíà, ohun ìtẹ̀ mẹ́ta fún ẹsẹ̀, àti tẹlifíṣọ̀n gbàràmù kan níwájú, tí ọ̀nà ń sáré bọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá mi ò ráyè irú orúkọ bẹ́ẹ̀. "Ọkọ̀ tí kì í kúrò lójú kan" lòun ń pè é.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà náà, mo ti parí girama, mo ń retí yunifásítì. Àwa ọ̀dọ́ ni wọ́n ra ẹ̀rọ náà fún, kí a lè ṣe gbogbo àṣìṣe wa tán níbẹ̀ kí a tó dé títì. Olùkọ́ wa, ọmọ Ẹdẹ, pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí, a máa dúró lẹ́yìn mi. Bí mo bá pa ajá, á ní, "Ina lilahi!" Bí mo bá dé òpin ọ̀nà láàyè, á ní, "Alihamudulilahi!" Ti àkọ́kọ́ yẹn ni mo gbọ́ jù.

Kì í ṣe eré lásán ló gbé mi débẹ̀ o. Ojú bàbá mi ti ń ṣú. Dókítà ti ní kó má wakọ̀ mọ́, ọkọ̀ rẹ̀ aláwọ̀ ewé tó gbé gbogbo wa lọ sílé ìwé sì ń gba eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ìrémọ. Ọkùnrin kan láti Ìwó ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó fẹ́ rà á. Bàbá mi ò fẹ́ tà á. Nírọ̀lẹ́, á lọ jókòó sínú rẹ̀, á di sítíárì mú, kò sì ní lọ síbì kankan. Ó dùn mí dé eegun. Nígbà tí mo ní kó jẹ́ kí n kọ́ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ nu eruku orí sítíárì.

"Ó dáa," ó ní. "Níparí oṣù, ìwọ ni wàá gbé mi láti Ìrémọ dé Ẹnuwá. Bí ọkọ̀ ò bá kú lọ́nà, a ò tà á mọ́. Bó bá kú, kí ará Ìwó máa mú un lọ."

Ìrémọ dé Ẹnuwá! Ọ̀nà tí ewúrẹ́ ilé wa ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́! Mo rẹ́rìn-ín sínú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti di ọ̀gá. Ajá ò kú mọ́, odò ò rí mi mọ́. Orí mi wú. Nílé, mo ń fi abọ́ ṣe sítíárì, mo ń fi ọmọ odó ìyá mi ṣe jíà, mo ń fi ẹnu fọn fèrè. Ìyá mi ní, "Ọkọ̀ tìrẹ yìí ò mà jẹ epo o, iṣu mi ló ń jẹ." Àwọn àgbà ní àgbá òfìfo ní í pariwo, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Mo ti ń wo ara mi lẹ́nu geeti yunifásítì nínú ọkọ̀ aláwọ̀ ewé, gíláàsì sísọ̀kalẹ̀, gèlè lórí.

Lọ́sẹ̀ kẹta, olùkọ́ gbé ọkọ̀ gidi fún mi, ó ní ká gba Ìrémọ. A ò tíì rìn jìnnà tí ìyá àgbà ojúlé kejì sí tiwa, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, fi pariwo pé, "Háà! Ọmọ mi, ṣé ìwọ lò ń wakọ̀ yẹn?"

Ẹ gbà mí! Ilé tísà ni wọ́n ti tọ́ mi. Bí ọmọ ilé wa bá kọjá lára àgbà láìkúnlẹ̀, bàbá mi á dá a padà, á ní kó lọ tún ibẹ̀ gbà. Orúnkún mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," orúnkún méjèèjì wọlẹ̀ lọ, mo yọ̀ lórí àga, ẹsẹ̀ mi fò kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ ta gìjà, ó tún ta gìjà, ó kú. Fìlà olùkọ́ bọ́ sórí itan mi. A tún ṣáná. Bàbá àgbà kan juwọ́ sí mi: gìjà! Ìrémọ sì nìyẹn, àgbà ló kún ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọkọ̀ kú lójú ọ̀nà kan ṣoṣo.

"Ṣé ọkọ̀ lò ń wà ni, àbí ààfin lo wọ̀?" olùkọ́ bi mí. "Mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀ o. Orúnkún ni mi ò tíì kọ́ rí."

Ọ̀nà inú ẹ̀rọ ò kọ́ mi nírú èyí. Ọ̀nà òyìnbó ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kí mi. Ni olùkọ́ bá dá ọgbọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé mi padà sórí símúlétọ̀, ó wé ìborùn, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ń fi ohùn ìyá arúgbó ké pé, "Ọmọ mi, o ò kí mi ni?" Ó di bàbá ìjòyè, ó di ìyá ìjọ, ó di àfáà tó ń wúkọ́. Bí orúnkún mi bá mì pẹ́nrẹ́n, á ní, "Tún bẹ̀rẹ̀!" Àwọn tó ń dúró kó kàn wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dì mọ́ ògiri. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, orúnkún mi ti gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù tó bà mí. Bí mo bá kúnlẹ̀, ọkọ̀ á kú. Bí mi ò bá kúnlẹ̀, ojú bàbá mi ló máa ṣẹlẹ̀! Ta ló máa gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọjọ́ pé. Bàbá mi wọ bùbá funfun, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá mi wà lẹ́yìn, ó ti bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó ní bó bá di eré, ká má bá òun lójijì. Mo ṣáná, mo yí jíà, a gbéra. Ewúrẹ́ sá, ọ̀kadà yà. Ìyá ẹlẹ́gùúsí dìde dúró tòun ti igbá ẹ̀gúsí rẹ̀: "Ọmọ mi! Ọmọ mi o!" Mo di eyín. Orúnkún mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dúró. Mo kọjá láìkúnlẹ̀, n kò tilẹ̀ lanu, omi sì ti lé sójú mi. Mo ń retí kí bàbá mi ní, "Padà, lọ tún ibẹ̀ gbà."

Mo gbọ́ tí gíláàsì ń sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi na ọwọ́ síta, ó yọ orí, ó ké pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá wa! Ẹ má bínú sí ọmọ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ò ráyè. Mo bá a kí yín!"

Bó ṣe kí gbogbo Ìrémọ nìyẹn, ilé dé ilé, títí a fi dé Ẹnuwá. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ ò kú. Nígbà tí mo dúró, mo fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́, ó di ọwọ́ mi mú. "Má tíì pa á," ó ní. "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ díẹ̀ sí i."

Ará Ìwó ò rí ọkọ̀ rà. Ọdún díẹ̀ ti lọ báyìí, èmi ni mo ṣì ń wà á, bàbá mi ṣì ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ojú rẹ̀ ti ṣú ju ti ìgbà yẹn lọ, òjìji nìkan ló ń rí, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a fẹ́ yọ sí Ẹnuwá, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ kí òpó iná kan, ó bèèrè ilé, ó bèèrè ọmọ, ó ní kó má bínú sí mi. Mi ò sọ fún un. Mo rọra tẹ bíréèkì, kó lè kí i tán.