Abẹ Tí Orí Rẹ̀ Ń Mì

Àkànní Erin, ọmọ a-fọwọ́-kan-táyà-kí-táyà-ó-gbọ́ràn. Àkànní a-rìn-jẹ́jẹ́-wọ-Gbossimé, tí gbogbo àdúgbò ń fi agogo kẹ̀kẹ́ kí. Adúmáadán ọkọ mi, ẹlẹ́rìn-ín àrínṣubú. Ọkọ Àbẹ̀kẹ́, bàbá Àdùkẹ́, bàbá àgbà Àṣàkẹ́. Nítorí rẹ ni mo ṣe mú kálámù yìí.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, kí ẹni tó bá rí àṣìṣe fojú fò ó. Mo rántí gbogbo ẹni tó gbé ní àdúgbò wa lórúkọ, tòun ti orúkọ bàbá wọn. Ṣùgbọ́n Àkànní kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ, oríkì tàbí àlàjẹ́ ló fi ń pè wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe pè wọ́n níbí.

Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe lẹ́bàá títì ní Gbossimé, àdúgbò kan ní Lomé, ní Tógò. Kẹ̀kẹ́, alùpùpù mobylette, ọmọlanke, ohunkóhun tó bá ti ń yí. Gbogbo ara rẹ̀ le bí irin àfi ọrùn rẹ̀. Bó bá fá irùngbọ̀n lónìí, tó bá di ọ̀la, ọrùn náà á ti sú kókó kéékèèké. Tó bá di ọ̀túnla, yóò máa yún un, yóò máa fi èékánná họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi kán sí ọrùn aṣọ rẹ̀. Irùngbọ̀n tó ń ká ni. Bí wọ́n bá gé e, á yípo, á tún gún awọ ara padà. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọ̀nà ọrùn yẹn, onígbàjámọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ọmọ Lomé ni, Fofo Alábẹ la ń pè é, nítorí Fofo ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀. Gbogbo Ọjọ́rú àti Sátidé, Àkànní á jókòó síwájú rẹ̀, á gbé àgbọ̀n sókè, wọn á máa bú ara wọn títí wọ́n á fi parí.

Èmi kì í dá sí i. Nínú ilé bàbá Àkànní, ọkùnrin ló ń fá ọkùnrin. Obìnrin kì í mú abẹ súnmọ́ ojú ọkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ni ìyá ọkọ mi ti sọ ọ́ fún mi, ó ní kí n má béèrè ìdí. N kò béèrè.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjọba àwa-ara-wa dé, tí àwọn kan ń fẹ́ ẹ, tí àwọn kan ò fẹ́ ẹ, ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé ọjà tì, ilé ìwé tì, báńkì tì. Wọ́n ní grève ni, kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé. A rò pé kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ó di ọ̀sẹ̀, ó di oṣù. Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn kan di ẹrù lórí, wọ́n gba ọ̀nà Gánà, àwọn kan gba ọ̀nà Kútọnu. Fofo Alábẹ di àwọn abẹ rẹ̀ sínú aṣọ ìnura, ó wá dágbére.

Ó ní, "Papa Kẹ̀kẹ́, mo ń lọ bá àbúrò mi ní Gánà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọrùn yẹn o, títí n ó fi dé."

Àkànní pa á mọ́. Irùngbọ̀n náà hù, ó tàn dé àyà, dúdú lókè, funfun nísàlẹ̀. Bí mo bá wò ó láwòjù, á ní, "Kí lo ń wò? Gbogbo ìlú ló wọ grève, irùngbọ̀n tèmi náà wọ grève."

Àdùkẹ́, ọmọ wa obìnrin, ti lọ́kọ sí Kútọnu nígbà náà. Ibẹ̀ ló bí Àṣàkẹ́ sí, ọmọ-ọmọ wa àkọ́kọ́. Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́jọ, bàbá àgbà rẹ̀ ò tíì fojú kàn án, nítorí ọ̀nà ò dára. Lọ́jọ́bọ̀ kan tí ìlú rọ̀ díẹ̀, a gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àdùkẹ́ ló sọ̀ kalẹ̀, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo sáré, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo wọ̀. Awakọ̀ ní lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni òun ń padà, kí wọ́n má pẹ́, nítorí òun ò mọ ìgbà tí òun tún máa wá.

Àkànní lọ wẹ̀. Ó wọ bùbá funfun, ó jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Àṣàkẹ́ mi! Ọmọ Erin! Wá sọ́dọ̀ bàbá àgbà!"

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀. Ó wo irùngbọ̀n. Ó tún wo ojú. Ló bá figbe bọnu, igbe tí wọ́n gbọ́ dé òdìkejì títì. Ó rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jù sódò.

Maman Búrẹ́dì, obìnrin ẹ̀yà Mina tó ń gbé ní yàrá kejì sí tiwa, yọ orí síta. "Papa, ẹ má bínú o. Ọmọ yìí rò pé ológbò lẹ gbé sẹ́nu."

Àkànní lọ, ó bọ̀. Ó fi gèlè mi bo irùngbọ̀n títí dé imú, ó tún na ọwọ́. Igbe ti ìṣáájú kéré sí èyí. Maman Búrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi náà ò lè mú un mọ́ra. Àkànní ń bá wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ yàrá, ó jókòó sí etí ibùsùn.

"Àbẹ̀kẹ́," ló wí, "bí ọkọ̀ yẹn bá gbé e lọ ní Àìkú tí n kò fọwọ́ kàn án, ta ló mọ ìgbà tí n ó tún rí i? Pẹ̀lú bí ìlú ṣe rí yìí?"

Àdùkẹ́ ló gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ó lọ tú àpò rẹ̀, ó mú páálí kékeré kan wá, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ọkọ mi ló ní kí n mú un wá fún yín. Òun náà máa ń sú kókó lọ́rùn. Èyí ló fi ń fá a lójoojúmọ́ báyìí, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀."

Abẹ ìfárùngbọ̀n ni, ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ irin, ó wúwo díẹ̀. Orí rẹ̀ kéré, abẹ tín-ínrín kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Àkànní yí i wò. "Ẹyọ kan? Àwọn èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì pàápàá, méjì méjì ni."

"Ẹyọ kan ló dára fún yín, Bàbá. Méjì ló ń gé irùn náà wọnú awọ."

Ó fi àtàǹpàkò tẹ orí abẹ náà. Orí náà mì síwájú, ó mì sẹ́yìn. Àkànní wò mí, ó mi orí tirẹ̀ náà.

"Wọ́n ti lu ọkọ ọmọ yìí ní jìbìtì. Ó ti tú."

"Bàbá, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Àdùkẹ́! Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ ni mo ti ń mú nǹkan tó ń mì dúró. Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Tó bá jẹ́ pé akọ̀wé ni mo fẹ́, tàbí alágbẹ̀dẹ pàápàá, ọ̀rọ̀ yìí ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kò lè rí ohun tó ń mì kó fi í sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lára túùbù àtijọ́, ó wé e mọ́ ọrùn abẹ náà yípo yípo, ó fà á, ó ta á ní kókó. Ó tẹ orí rẹ̀. Kò mì mọ́.

"Ṣé o rí i? Ó ti dúró ire."

Ó mú díńgí àti omi lọ sẹ́yìn ilé, ó ní kí a má tẹ̀lé òun. A ń gbọ́ ọ tó ń kọrin ìsìn. Nígbà tó yá, orin náà dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́, "Yéè!" A tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó jáde, ẹ̀jẹ̀ wà ní ojú méjì lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú rẹ̀ ti bọ́, ẹ̀gbẹ́ òsì ṣì wà ní grève. Àṣàkẹ́ jókòó lórí ẹní, ó ń jẹ etí aṣọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni Àkànní fi kọjú sí i. Ọmọ náà wò ó, ó dákẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Inú Àkànní dùn débi pé ó yíjú pátápátá. Bí ọmọ ṣe rí ẹ̀gbẹ́ òsì báyìí, igbe!

"Irùngbọ̀n náà ni!" Àdùkẹ́ pariwo. "Bàbá, irùngbọ̀n náà ni, kì í ṣe ẹ̀yin!"

Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ti ń pọ́n. Ó ní òun ò lè parí rẹ̀, Fofo Alábẹ ti kìlọ̀ fún òun. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló fi ń yọjú sí ọmọ láti ẹ̀yìn ògiri, bí ẹni tó jí nǹkan.

Láàárọ̀ Sátidé ni mo lọ fọ abẹ náà. Mo rí rọ́bà, mo tú u. Mo fa abẹ náà lé egungun ojúgun ara mi, láì tẹ̀ ẹ́. Bí egungun bá ga, orí rẹ̀ á gbé sókè. Bí ó bá lọlẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀. Kò tú rárá, ṣe ló ń tẹ̀lé ara. Bí mo ṣe ń fi ọwọ́ wẹ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn.

Mo gbé omi gbígbóná wá. "Bàbá Àdùkẹ́, ẹ wá jókòó."

Ó rí abẹ lọ́wọ́ mi, ó fà sẹ́yìn. "Àbẹ̀kẹ́. Nílé bàbá mi..."

"Mo mọ̀. Ìyá yín sọ fún mi. Ọkùnrin wo ló kù ní àdúgbò yìí tó mọ fífá? Ẹ dárúkọ rẹ̀ kí n lọ pè é."

Ó ronú. Fofo Alábẹ wà ní Gánà. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti sá lọ sí abúlé. Bàbá oníkọ́kọ́rọ́ àdúgbò wa, tó máa ń fá irùn fún àwọn ènìyàn lọ́dún Àjíǹde, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó gbọ́ tí ọmọ ń rẹ́rìn-ín ní ìta, lọ́dọ̀ Maman Búrẹ́dì.

Ó ní, "Tilẹ̀kùn."

Mo tilẹ̀kùn. Mo fi aṣọ tó gbóná bo ojú rẹ̀ títí irùn fi rọ̀. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tó gùn, mo fi ọṣẹ pa á. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá etí, mo ń tẹ̀lé ọ̀nà tí irùn náà hù sí, ọwọ́ mi ò tẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti wà nílé rẹ̀, n kò rí ojú rẹ̀ nítòsí bẹ́ẹ̀ rí. Mo rí àpá kékeré kan lábẹ́ ètè tí n kò mọ̀ pé ó wà. Nígbà tí abẹ náà dé kọ̀rọ̀ àgbọ̀n, tí orí rẹ̀ tẹ̀, tó sì gba ibẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́, Àkànní la ojú.

"Àbẹ̀kẹ́! Síprìn-ín ni! Ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó bá ní síprìn-ín, bó bá gun òkúta, kì í ta ènìyàn nídìí. Èmi ni mo lọ so síprìn-ín mọ́lẹ̀!"

"Ẹ má sọ̀rọ̀, n ó gé yín."

"Èmi! Èmi Àkànní ni mo so síprìn-ín mọ́lẹ̀!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ọṣẹ ń ta sí mi lójú, mo sì ní láti dúró kó rẹ́rìn-ín tán.

Nígbà tó jáde, Maman Búrẹ́dì pàtẹ́wọ́. "Ta ni ọmọkùnrin yìí? Bonjour, petit! Papa dà?"

Àkànní kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó gbé àgbọ̀n síwájú ọmọ, kò na ọwọ́ rárá. Àṣàkẹ́ wò ó pẹ́. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé àgbọ̀n náà, ó gbá a pẹ́ẹ́, ó tún gbá a pẹ́ẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ló bá gun orí itan rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àkànní dì í mú, kò jẹ́ kí a gbà á títí oúnjẹ fi tutù.

Ní Àìkú tí ọkọ̀ akẹ́rù dé, ọmọ náà tún figbe bọnu, nítorí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Títí ọkọ̀ fi wọ́ lọ la ń gbọ́ igbe náà. Àkànní dúró láàárín títì, ojú rẹ̀ kún fún omijé, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Ẹ gbọ́ ọ? Èmi ló ń ké fún o! Èmi ni!"

Kókó méjì péré ló sú u lọ́rùn lọ́sẹ̀ yẹn, ojú ibi tó ti fi rọ́bà fá ni. Láti ìgbà náà ló ti ń fá a lójoojúmọ́, òun fúnra rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ń dán. Fofo Alábẹ dé láti Gánà, ó fọwọ́ pa ọrùn náà, ó ní ta ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Àkànní nawọ́ sí mi, ojú tì mí. Nígbà tí ojú rẹ̀ wá ṣú ní àgbà, tí kò rí díńgí mọ́, mo tún gba abẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣàkẹ́ ló ń kó abẹ tuntun ránṣẹ́ sí wa láti Kútọnu, òun náà ti di ìyá ọmọ.

Nígbà tó papòdà, láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti wá láti ilé. Ó rí mi pẹ̀lú àwo omi, ó fohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí àwa ṣe é. Ọkùnrin ló ń fá ọkùnrin nílé wa."

Mo ní, "Ẹ tilẹ̀kùn fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wò mí, ó sì tilẹ̀kùn. Àṣàkẹ́, tó ti dé láti Kútọnu, ló bá mi di àwo mú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àkànní ti jìn, ṣùgbọ́n orí abẹ náà ń tẹ̀lé e wọ ibi tó jìn, ó ń bá a jáde. N kò gé e níbì kankan. Nígbà tí mo parí, Àṣàkẹ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àgbọ̀n rẹ̀, ó gbá a jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Sátidé ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la sin ín.