Ilé Bọ̀dá Dàre Nínú Àwòrán Irin

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dàgbà tó ẹni tí ọmọdé ń bi ní ọ̀rọ̀ àtijọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan l'Adó-Èkìtì, oòrùn ta sára àwọn àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ síta, ìtànṣán rẹ̀ sì gún mi lójú. Orí irin ni wọ́n tẹ̀ wọ́n sí. Kíá, ọkàn mi padà sí pálọ̀ wa ní àdúgbò Òkè-Ìlá níbẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun wọlé.

Àbúrò bàbá mi, Bọ̀dá Dàre, ló fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ láti Jámánì: ẹ̀dà àwòrán ìlú ńlá kan, tí wọ́n tẹ̀ sórí irin pẹlẹbẹ tó ń dán bí àwo tuntun. Ṣùgbọ́n irú ìlú wo nìyí? Kò sí ènìyàn, kò sí òrùlé. Búlúù àti pupa kàn gun ara wọn bí àkísà lábẹ́ máṣíìnì télọ̀. Àwa ọmọdé a máa dorí kodò wò ó, bóyá yóò yé wa. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, ní afárá ni. Ìyá Ṣadé, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ránṣọ lójúde wa, ní, "Ẹ̀yin ará Èkìtì, ìjì ti ṣí gbogbo páànù ìlú yìí lọ, ẹ tún wá gbé e kọ́ sára ògiri!"

Màmá Ìjàn, ìyá bàbá mi, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti rí Dàre, àbíkẹ́yìn rẹ̀, gbẹ̀yìn, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun lè kú láì tún fojú kàn án. "Ulé ọmọ mi dà níbẹ̀?" ló ń bi gbogbo wa, ilé Dàre ló ń wá nínú àwòrán náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ yan ojú yẹ́lò kékeré kan láàárín búlúù àti pupa náà. "Èyí tí wọ́n tanná sí yìí ni. Dàre ò fẹ́ràn òkùnkùn." Láti ìgbà náà, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, kódà nínú ọyẹ́ tí irin náà tutù bí omi àmù, yóò máa pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

Bọ̀dá Dàre dé nígbà Kérésì kan. Màmá fà á lọ́wọ́ lọ síwájú àwòrán. "Ṣé ulé rẹ rèé?"

Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ìlú yìí ò sí níbì kankan láyé. Ẹnì kan ló rò ó, tó sì yà á."

Àánú Màmá ń ṣe gbogbo wa. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

"Hẹ̀n-ẹ́n. Èmi ò mọ ulé rẹ. Ẹni tí mò ń bẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣé o ti jẹun?"

Lónìí, fóònù a máa fi ojú ọmọ han ìyá láti òkè òkun, títí kan yàrá tó ń sùn. Ó dára, mo dúpẹ́ fún un. Àmọ́ ibi tí fóònù ò dé ṣì pọ̀, àdúrà ìyá sì ṣì ń dé ibẹ̀. Ìwọ tó ń ka èyí, ibi yòówù kí ẹni tí ò ń retí wà, Olúwa yóò mú un wá bá ọ láyọ̀, ẹ óò sì jọ jẹun.